J. D. 'Okhai Ojeikere: Ayàwòrán Tí Ó Tọ́jú Ojú Ìlú Pamọ́

Gẹ́gẹ́ bí ìṣe ìwé ọdọọdún yìí, a kì í jẹ́ kí ọdún kan rékọjá láìsọ ìtàn ìgbésí ayé ẹnì kan tí ó ti lọ sí ibi tí àgbà ń rè, ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń ṣe àwọn alààyè ní àǹfààní. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ní ọdún yìí kò jẹ ọba, kò sì bá ẹnikẹ́ni du ipò ìṣèlú. Kámẹ́rà ni ọkọ́ rẹ̀, òpópónà àti ibi iṣẹ́ àti ibi àríyá ni oko rẹ̀, ìrísí ènìyàn àti ìrísí ìlú sì ni irè tí ó kó wálé. Orúkọ rẹ̀ ni J. D. 'Okhai Ojeikere.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe bi wá pé kí ni ìtàn ayàwòrán yóò ṣe fún ìlọsíwájú ìlú. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú àwọn ọmọ ìlú wa ni ó ń gbé ní Sábó àti ní àwọn àdúgbò tí ó yí i ká, ní Yábà, ní Èbúté-Mẹ́ta, ní Mùṣín àti ní Sùúrùlérè. Ẹni tí ó bá ti gbé ibẹ̀ fún ogún ọdún mọ̀ pé Èkó kì í dúró de ẹnìkan. Ilé tí ènìyàn wọ̀ sí nígbà tí ó kọ́kọ́ dé lè ti di ilé ìfowópamọ́; ìsọ̀ tí ìyá àgbà ti ń ta ata lè ti di ilé alájà púpọ̀ tí owó ṣọ́ọ̀bù inú rẹ̀ ju agbára ọlọ́jà kékeré lọ. Ìyípadà yìí mú ìtura bá àwọn kan, ó sì mú ìnira bá àwọn mìíràn. Bí kò bá sí ẹni tí ó ya àwòrán ohun tí ó wà tẹ́lẹ̀, a kò ní mọ ohun tí a jèrè, bẹ́ẹ̀ ni a kò ní mọ ohun tí a pàdánù. Nítorí èyí ni a fi ní kí á sọ ìtàn ọkùnrin yìí.

Ní ọdún 1930 ni a bí Ojeikere ní Ovbiomu-Emai, abúlé kan ní ilẹ̀ Emai, tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó lónìí. Kì í ṣe ọmọ Yorùbá ní ti ìran, ṣùgbọ́n ní ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, abẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn kan náà ni ilẹ̀ wọn àti ilẹ̀ wa wà, kí a tó dá ẹkùn Àárín-Ìwọ̀-Oòrùn sílẹ̀ ní ọdún 1963. Ìbàdàn ni ó ti kọ́ iṣẹ́, Èkó ni ó ti lo èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé rẹ̀, irun orí àwọn obìnrin wa sì wà lára ohun tí ó sọ ọ́ di olókìkí. Àwọn àgbà a máa sọ pé ibi tí a bá ń gbé ni a ń ṣe. Ojeikere gbé ọ̀dọ̀ wa, ó sì ṣe ti ọ̀dọ̀ wa ju bí ọ̀pọ̀ nínú àwa onílé ti ṣe é lọ.

Ní ọdún 1950, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ogún ọdún, ó ra kámẹ́rà kékeré kan tí à ń pè ní Brownie D. Kámẹ́rà náà kò ní iná tí ń kọ mànà, nítorí náà ìmọ́lẹ̀ oòrùn nìkan ni ẹni tí ó ni ín lè gbẹ́kẹ̀ lé. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ni ó kọ́ ọ ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Ẹ jẹ́ kí á rántí bí ayé ti rí ní àkókò tí a ń wí yìí. Ní abúlé, a kò ka fọ́tò yíyà sí iṣẹ́ tí ọmọ tí ó ní làákàyè lè gbé ayé rẹ̀ lé. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ń bẹ, iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ ń bẹ, iṣẹ́ tíṣà àti ti akọ̀wé sì ń bẹ fún ẹni tí ó bá mọ ìwé. Lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, onífọ́tò dà bí ẹni tí ń fi òjìji ṣòwò. Ènìyàn lè má ya ju fọ́tò méjì lọ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀: ọ̀kan ní ọjọ́ ìgbéyàwó, ọ̀kan nígbà tí ó bá di arúgbó, kí àwọn ọmọ lè rí ohun tí wọn yóò gbé kọ́ sára ògiri ní ọjọ́ ìsìnkú.

Ṣùgbọ́n Ojeikere mọ ohun tí ó ń wá. Ó kọ lẹ́tà sí Ilé-Iṣẹ́ Ìròyìn ti Ìjọba ní Ìbàdàn pé kí wọ́n gba òun sí ibi tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò. Nígbà tí lẹ́tà kan kò tó, ó kọ òmíràn, ó sì ń kọ ọ́ léraléra títí wọ́n fi gbà á ní ọdún 1954. Iṣẹ́ tí wọ́n fi lé e lọ́wọ́ kì í ṣe iṣẹ́ àṣehàn. Inú yàrá òkùnkùn ni a ti ń ṣe é, pẹ̀lú iná pupa kékeré kan àti àwo tí omi oògùn wà nínú rẹ̀. A ó ri bébà bọ inú oògùn, àwòrán yóò sì máa yọ díẹ̀díẹ̀. A ó tún rì í bọ inú oògùn mìíràn tí yóò mú kí àwòrán náà dúró. A ó fi omi ṣàn án, a ó sì sá a. Ẹni tí ó bá kánjú, àwòrán rẹ̀ yóò ràn bí ojú ọjọ́ tí ọyẹ́ bò. Ẹni tí ó bá sì fi falẹ̀, tirẹ̀ yóò dúdú bí èédú. Níbẹ̀ ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti kọ́ sùúrù, níbẹ̀ ni ó sì ti kọ́ pé àwòrán tí a kò bá tọ́jú kò yàtọ̀ sí èyí tí a kò yà rárá.

Ìbàdàn ni olú-ìlú Ìwọ̀-Oòrùn nígbà náà, ohun tuntun sì ń yọ níbẹ̀ lọ́dọọdún. Ní ọdún 1955, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1959, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ti Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní ọdún 1960, òmìnira dé. Ní ọdún 1961, Ojeikere kúrò ní yàrá òkùnkùn, ó sì di ayàwòrán ní Ilé Tẹlifíṣọ̀n ní Ìbàdàn. Ọdún méje ni ó ti fi fọ fọ́tò kí ọwọ́ rẹ̀ tó tẹ ipò ayàwòrán. Àwọn ọ̀dọ́ wa tí wọ́n ń fẹ́ di ọ̀gá láàárín oṣù mẹ́ta, ẹ gbọ́ o.

Ní ọdún 1963 ni ó ṣí wá sí Èkó, ó sì ń bá ilé-iṣẹ́ ìpolówó ọjà kan, West Africa Publicity, ṣiṣẹ́ títí di ọdún 1975. Èkó tí ó bá ń wú bí àkàrà inú epo gbígbóná. Nígbà tí ìjọba ka ènìyàn ní ọdún 1952, nǹkan bí 267,000 ni wọ́n kà ní ìlú Èkó. Nígbà tí wọ́n tún kà ní ọdún 1963, wọ́n ti lé ní 665,000. Níbo ni gbogbo wọn yóò sùn? Kí ni wọn yóò jẹ? Ìbéèrè wọ̀nyí ni ó ń yí ojú ìlú padà.

Kì í ṣe ọdún náà sì ni ìyípadà ọ̀hún bẹ̀rẹ̀. Àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń fà wọ Èkó ní ọdún 1924, ó sì pa ènìyàn púpọ̀. Nítorí rẹ̀ ni ìjọba amúnisìn fi dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ ní ọdún 1928 láti tún ìlú ṣe, nínú ètò yìí ni a sì ti la òpópónà sí Yábà, tí a pín ilẹ̀ ibẹ̀ sí ojúlé ojúlé fún àwọn tí ń kúrò ní Erékùṣù. Ní ọdún 1955, ìgbìmọ̀ kan náà bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé ní àárín gbùngbùn Erékùṣù Èkó, wọ́n sì ń kó àwọn tí ilé wọn wó lọ sí Sùúrùlérè. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Peter Marris, wádìí ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu àwọn tí ó kàn, ó sì fi í ṣe ìwé ní ọdún 1961. Ohun tí ó rí ni pé ilé titun náà mọ́, ó sì ní àyè, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ obìnrin tí ó ti ń tajà lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn pàdánù àwọn oníbàárà wọn, owó ọkọ̀ ń jẹ èrè tí ó kù, ẹbí tí ó ti ń gbé agbo ilé kan náà sì fọ́n ká. Ìlú dára sí i lójú àlejò, ayé sì le sí i fún àwọn kan nínú àwọn onílùú. Àkókò yìí gan-an ni Ojeikere gbé kámẹ́rà rẹ̀ dé.

Iṣẹ́ ìpolówó ọjà ni ó ń fún un ní owó oṣù. Gbogbo wa ni a sì mọ ìwà ìpolówó ọjà: kì í fi ojú ìnira hàn, ohun titun tí ó ń dán ni ó ń gbé jáde, kí owó lè jáde lápò ènìyàn. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn iṣẹ́ olówó oṣù, Ojeikere ń ya àwòrán ti ara rẹ̀. Ó ya àwọn ilé ńláńlá tí a ń kọ́ ní àkókò òmìnira. Ó ya àwọn ènìyàn níbi ayẹyẹ, pẹ̀lú aṣọ wọn àti gèlè wọn. Kò sí ẹni tí ó rán an ní iṣẹ́ yìí, kò sì sí ẹni tí ó ń san owó fíìmù rẹ̀ fún un. Ohun tí ó rí ni pé ayé tí ó yí òun ká ń kọjá lọ, bí òun kò bá sì mú un, kò sí ẹni tí yóò bá òun mú un.

Ní ọdún 1967, ó wọ inú ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà tí à ń pè ní Nigeria Arts Council. Ọdún kan náà ni ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀. Ní ọdún 1968, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí ayé fi mọ̀ ọ́n jù lọ, èyíinì ni yíya irun orí àwọn obìnrin. Ní òpópónà, ní ibi iṣẹ́, ní ibi ìgbéyàwó, ibikíbi tí ó bá ti rí irun tí ọwọ́ ọ̀gá dì, a bẹ olórí pé kí ó dúró fún òun. Ọ̀nà tí ó ń gbà yà á kò jọ ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yìn orí ni ó sábà máa ń kọjú kámẹ́rà sí, nígbà mìíràn ẹ̀gbẹ́, ṣọ̀wọ́n sì ni ojú. Kì í jẹ́ kí ohun mìíràn wà lẹ́yìn ẹni náà tí yóò gba ojú òǹwòran. Dúdú àti funfun ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tí ó bá wò ó yóò rí ojú ìlà tí ó tọ́ bí ebè oko, yóò rí òwú dúdú tí a fi kó irun títí ó fi le bí igi, yóò sì rí ọrùn obìnrin tí ó dúró gbọnrangandan. Àwòrán irun tí ó yà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,000.

Kí ni ó dé tí ó fi jẹ́ irun? Alágbẹ̀dẹ rọ ọkọ́, ọkọ́ ń bẹ. Agbẹ́gilére gbẹ́ ère, ère ń bẹ. Onídìrí ni ó máa ń jókòó láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán, tí yóò ṣe iṣẹ́ ọnà tí ó le ju ti àwọn méjèèjì lọ, tí a ó sì tú u dànù lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn tí a bá tú u, kò sí ẹ̀rí kankan mọ́ pé ó ṣiṣẹ́. Àwọn obìnrin wa kò sì dúró lórí ṣùkú, pàtẹ́wọ́, kòlẹ́sẹ̀ àti ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n jogún. Bí ohun titun bá ti ń ṣẹlẹ̀ ni wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ sọ irun. Nígbà tí ogun parí ní oṣù Kìíní ọdún 1970, irun kan jáde tí wọ́n pè ní ogun parí. Nínú àwòrán tí Ojeikere yà ní ọdún 1975, ọ̀kan ń bẹ tí orúkọ irun rẹ̀ ń jẹ́ onílé gogoro, tí àwọn mìíràn ń pè ní àkàbà.

Ẹ jẹ́ kí á ro ọ̀rọ̀ irun onílé gogoro yìí wò. Ní ọdún wọ̀nyẹn, owó epo rọ̀bì ń wọlé, ilé alájà púpọ̀ sì ń yọ sókè ní Marina àti ní Broad Street. Obìnrin tí òun àti ọkọ rẹ̀ àti ọmọ mẹ́rin ń pín yàrá kan ní Mùṣín, tí gbogbo ojúlé sì ń tò sídìí ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo, kò lè kọ́ ilé gogoro, bóyá ni yóò sì wọ inú ọ̀kan rí. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú òwú olówó pọ́ọ́kú àti ọwọ́ aládùúgbò rẹ̀ tí ó mọ irun kó, ó lè gbé ilé gogoro sórí ara rẹ̀, kí ó sì gbé e kọjá láàárín ọjà, kí gbogbo ènìyàn máa wò ó. Ìlú ń ga sí i, kò sì bi í léèrè. Òun náà ga sí i, kò sì bi ìlú léèrè. Bí kì í bá ṣe ti Ojeikere, ta ni ìbá sọ fún wa lónìí bí irun náà ti rí?

Àwọn kan gbà pé bí a ó bá fi àwòrán sọ̀rọ̀ ìṣẹ́, àfi kí á ya ọmọ tí egungun ìhà rẹ̀ yọ, tàbí abirùn tí ó nawọ́ lẹ́bàá ọ̀nà. Ojeikere kò gba ọ̀nà yẹn. Kò fi ìṣẹ́ ẹnikẹ́ni ṣe ìran. Iyì tí ó kù lára ènìyàn lẹ́yìn tí ọrọ̀ ajé bá ti ṣe é bí ó ti fẹ́, ìyẹn ni ó ń wá. Àwa gbà pé ọ̀nà yìí sàn jù. Àwòrán ìṣẹ́ nìkan a máa mú kí àlejò káàánú wa. Àwòrán iṣẹ́ ọwọ́ wa a máa mú kí ó bọ̀wọ̀ fún wa, a sì máa mú kí ó bèèrè ìdí rẹ̀ tí àwọn tí ó ní irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ fi ń gbé nínú ìnira.

Ní ọdún 1975, Ojeikere fi iṣẹ́ olówó oṣù sílẹ̀, ó sì ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, Foto Ojeikere, sí Kétu ní Èkó. Ṣùgbọ́n ọdún ọ̀pọ̀ kò pẹ́. Nígbà tí ó di àwọn ọdún 1980, owó epo rọ̀bì já wálẹ̀ ní ọjà àgbáyé, àti ní ọdún 1986 ìjọba gbé ètò tí gbogbo wa mọ̀ sí SAP kalẹ̀, náírà sì bẹ̀rẹ̀ sí í pàdánù agbára rẹ̀. Ẹ sì rántí pé òkè òkun ni fíìmù ti ń wá, ibẹ̀ ni bébà fọ́tò ti ń wá, ibẹ̀ ni oògùn tí a fi ń fọ̀ ọ́ ti ń wá. Ní àkókò kan náà, ẹ̀rọ tí ń fọ fọ́tò aláwọ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ gba ìgboro. Àwọn ènìyàn kò fẹ́ dúdú àti funfun mọ́. Ọ̀pọ̀ onífọ́tò àtijọ́ ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù wọn, fíìmù ogún ọdún tàbí ọgbọ̀n ọdún sì di ohun tí a ń kó dànù nítorí pé ó gba àyè nílé. Ojeikere kò kó tirẹ̀ dànù. Bí ó ti rọrùn tó láti kà lórí ìwé, kò rọrùn fún ẹni tí ó ní ìdílé láti bọ́, láti máa tọ́jú àpótí fíìmù tí kò mú kọ́bọ̀ wọlé. Ẹ̀mí ìfaradà yìí ni a kà sí ìwà akọni tí ó tóbi jù nínú ìgbésí ayé rẹ̀.

Ó ti pé ẹni àádọ́rin ọdún kí òkè òkun tó mọ iyì rẹ̀ dáadáa. Ní ọdún 2000, Fondation Cartier ṣe àfihàn iṣẹ́ rẹ̀ ní Paris, olú-ìlú Faransé. Ní ọdún 2007, a pè é sí àfihàn ńlá tí à ń pè ní documenta ní ìlú Kassel ní Jámánì. Ní ọdún 2013, àwòrán irun wọ̀nyí wà ní Venice ní Ítálì, níbi tí àwọn oníṣẹ́ ọnà láti orílẹ̀-èdè gbogbo ti ń pàdé. Irun tí aládùúgbò dì fún aládùúgbò lórí àpótí ìjókòó di ohun tí àwọn ará Yúróòpù ń tò láti wò.

Sábó náà ní ipa tirẹ̀ nínú ìtàn yìí, inú wa sì dùn láti sọ ọ́. Orúkọ àdúgbò náà wá láti inú èdè Haúsá, ìlú titun ni ó sì túmọ̀ sí. Ní ọdún 2007, ní òpópónà McEwen ní Sábó, obìnrin kan tí ń jẹ́ Bisi Silva ṣí ilé iṣẹ́ ọnà kan tí a mọ̀ sí Centre for Contemporary Art. Ibẹ̀ ni a ti ṣe àfihàn iṣẹ́ Ojeikere ní ọdún 2010, kí ọmọ Yábà má baà wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Paris kí ó tó rí orí ìyá rẹ̀. Bisi Silva kò dúró níbẹ̀. Ó ṣa àwòrán náà jọ, ó sì ṣe olóòtú ìwé ńlá kan lórí iṣẹ́ ọkùnrin náà, èyí tí ó jáde ní ọdún 2014. Obìnrin yìí pẹ̀lú ti di olóògbé ní ọdún 2019, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere.

Ní ọjọ́ 2 oṣù Kejì ọdún 2014, Ojeikere dákẹ́ ní Èkó, ní ẹni ọdún 83. Ọmọ rẹ̀, Amaize Ojeikere, gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ baba rẹ̀, ayàwòrán sì ni òun náà. Iná kú, ó fi eérú bojú. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kú, ó fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò.

Láti ìgbà tí ọkùnrin yìí ti di àgbà títí di ìsinsìnyí, ìlú kò dẹ́kun yíyí padà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2007, iná jó ọjà Tejúoṣó ní Yábà. Ilé ọjà titun tí a kọ́ rọ́pò rẹ̀ ṣí ní ọdún 2014, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ń tà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò sì lè san owó ṣọ́ọ̀bù inú rẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 2009, wọ́n wó ọjà tí ó kún ojú ọ̀nà ní Òṣòdì. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó Ilojo Bar ní ìtòsí gbàgede Tinúbú, ilé tí àwọn tí ó ti ilẹ̀ Brazil bọ̀ kọ́ ní àárín ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, tí ìjọba sì ti kà sí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè láti ọdún 1956. Òfin kò gbà á là. Àwòrán nìkan ni ó kù tí a lè fi han àwọn ọmọ wa.

A kò ní ṣe aláìsọ ohun kan tí ó ń dùn wá nínú iṣẹ́ rere Ojeikere. Orúkọ irun ni ó wà lára àwọn àwòrán náà, orúkọ àwọn obìnrin tí ó ru irun náà kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ àwọn onídìrí tí ó dì í kò sí níbẹ̀. Gbogbo ayé mọ onílé gogoro ti ọdún 1975, ṣùgbọ́n ọmọ ta ni obìnrin náà? Ta ni ìyá tí ó jókòó tì í láti kó irun náà? Kì í ṣe Ojeikere nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí bá wí, nítorí àṣà àwọn onífọ́tò káàkiri ayé ni. Síbẹ̀, àwa tí a wà láyé lónìí lè kọ́ ọgbọ́n láti inú rẹ̀, kí á má sì jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀ nínú ìlú tiwa.

Nítorí náà, àwa ń bẹ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́. Ìlú wa náà ń yí padà. Ilé alámọ̀ ń wó, ọ̀nà ọkọ̀ ń gba àárín agbo ilé kọjá, ọjà ń ṣí kúrò níbi tí a bá a. Àwọn onífọ́tò tí ó ya àwọn baba wa ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn ọmọ wọn kò sì mọ ohun tí ó wà nínú àpótí tí wọ́n fi sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, ẹ lọ bá àwọn ọmọ náà sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó da fíìmù náà sí ààtàn. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Èkó, ní Ìlú Ọba àti ní Amẹ́ríkà, ẹ tú àpótí yín wò, ẹ ya ẹ̀dà fọ́tò àtijọ́ tí ó wà lọ́wọ́ yín, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí akọ̀wé ẹgbẹ́. Ẹ má ṣe wá ti olówó àti ti olóyè nìkan. Fọ́tò ìyá alákàrà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ti onídìrí lábẹ́ igi, ti àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí kò ní bàtà lẹ́sẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni a fẹ́.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ kọ orúkọ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ kọ ọdún, ẹ kọ agbo ilé, ẹ kọ iṣẹ́ tí ẹni náà ń ṣe. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà nísinsìnyí tí ojú wọn ṣì ríran tí iyè wọn sì ṣì jí, nítorí bí àgbà kan bá lọ, ogún fọ́tò ni ó lè di aláìlórúkọ ní ọjọ́ kan náà. Fọ́nrán inú fóònù tí ẹ ń yà lójoojúmọ́ pàápàá kò ní wúlò fún ẹnikẹ́ni ní ọgbọ̀n ọdún òní bí a kò bá kọ orúkọ sí i tí a kò sì tọ́jú rẹ̀ pamọ́.

Ojeikere fi kámẹ́rà tí kò ní iná bẹ̀rẹ̀, ó sì tan ìmọ́lẹ̀ sí wa. Kí Ọlọ́run fi ọ̀run kẹ́ ẹ, kí Ó dá ẹ̀mí àwọn àgbà wa sí, kí Ó sì jẹ́ kí ìlú wa máa lọ síwájú láìgbàgbé ibi tí ó ti ń bọ̀. Àṣẹ.